Ta Ló Kù Nínú Ògùnpa?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé àti ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ara odò tó ń ṣàn láàárín ìlú le tàbí kò le. Ìwé tí ẹ kọ sí mi kò dárúkọ odò kankan. Èmi ni mo mú Ògùnpa fúnra mi, nítorí pé Ìbàdàn la jókòó sí, àti nítorí pé kò sí odò tí ọmọ Ìbàdàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó o, síbẹ̀ a kì í bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tí a mọ̀ ọ́n sí. Apá Àṣí àti Bódìjà ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba Agodi, níbi tí wọ́n ti sé e di adágún. Ó gba Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkè-Àdó. Ó pàdé Kúdẹtì, omi wọn sì dà sínú Odò Ọ̀nà. Ó ti kún wọ ìlú ní 1960, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1963 àti 1978. Lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 dé, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Omi gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ sọ pé "Omíyalé" sí i létí, ẹ máa rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún ya ìlú, àwọn odò Ìbàdàn tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Nítorí omíyalé ni ẹ fi ń rí kọ̀ǹkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì odò náà.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni à ń bi Ògùnpa: ṣé o tún máa wọlé wá lọ́dún yìí? N kò ní fi ìbéèrè yẹn ṣeré, nítorí àwọn tó sin òkú wà lára ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí. Àmọ́ ìbéèrè kejì wà tí a kò bi í: àwọn wo ló ṣì ń gbé inú rẹ? Odò lè máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín kọ̀ǹkéré, kó má kún, kó má gbé ẹnikẹ́ni lọ, kó sì ti kú pátápátá. Ẹni tó fi ìwọ̀n omi nìkan ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kò ní mọ̀.

Bí ẹ bá kọ̀wé pé kí wọ́n wá yẹ odò kan wò, ẹni tó máa wá máa gbé ìgò dání. Á bu omi, á dé e, á kọ orúkọ sí i lára, á gbé e lọ sí láàbù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bébà á dé pẹ̀lú nọ́ńbà lóríṣiríṣi. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí, òun ni mo fi jẹun fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ìgò náà: omi tó gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, tó ti dé Òkè-Àdó kí ẹni tó bù ú tó gun ọ̀kadà. Àlejò ni. Bí ẹnì kan bá da ásíìdì bátìrì sínú odò ní aago méjì òru Sátidé, omi tí wọ́n máa bù ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Mọ́ńdè kò ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn onílé ló mọ̀: àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ń gbé abẹ́ òkúta, inú iyanrìn, ara gbòǹgbò. Wọn kò lè sá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ara wọn ló wà. Àwọn tó lè fara dà á kù sílẹ̀, àwọn tí kò lè fara dà á kò sí mọ́. Àwọn yìí ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ̀yìn wọn ni ká tó pe onígò kó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá sọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1908 àti 1909, àwọn ọmọ Jámánì méjì, Richard Kolkwitz àti Maximilian Marsson, tẹ ìwé tó to àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ìdọ̀tí tàbí bí wọ́n ṣe kórìíra rẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ayé ń lò lónìí láti fi kòkòrò mọ ìlera odò, ẹ̀yìn ìwé yẹn ló ti jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ wọ bàtà òjò tó ga. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ Ògùnpa láìwọ bàtà, nítorí àfọ́kù ìgò, àti nítorí àtọ̀sí ajá tí àwọn ìṣáwùrú kan ń gbé kiri. Ẹ dúró sínú omi tí kò jinlẹ̀, kí ẹ gbé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há sí iwájú yín níbi tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rú ìsàlẹ̀ odò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tó bá gbéra nílẹ̀, omi á gbé e wọnú àwọ̀n. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ funfun tó fẹ̀, kí ẹ bu omi díẹ̀ lé e, kí ẹ wá dúró. Sùúrù ibí yìí ló máa ń ṣòro fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ àti ewé lẹ ó rí. Lẹ́yìn náà, ewé kan á rìn.

Nínú odò tí ara rẹ̀ dá, ọ̀kan lára ohun tí ẹ máa rí ni ọmọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní mayfly: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìrù tín-ín-rín mẹ́ta sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, àwọn nǹkan bí ìyẹ́ wẹ́wẹ́ sì ń mì ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn ló fi ń mí. Omi ló ti ń fa ọ́síjìn, kì í wá atẹ́gùn lókè, nítorí náà bí ọ́síjìn bá tán nínú omi, ó parí fún un nìyẹn. Ẹ lè rí caddisfly pẹ̀lú, tí irú kan nínú wọn máa ń fi òwú ara rẹ̀ ta àwọ̀n sáàárín òkúta láti fi mú oúnjẹ tí omi bá gbé bọ̀. Òmíràn á fi iyanrìn kọ́ ilé sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ máa rí akàn, ẹ máa rí edé, ẹ máa rí ọmọ lámilámi, tó burẹ́wà ju ìyá rẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé ọdẹ ni láti kékeré. Lámilámi kì í ṣe ẹlẹ́gẹ́ tó àwọn tí mo kọ́kọ́ dárúkọ. Ó máa ń wà níbi tí nǹkan ò tíì bàjẹ́ jù.

Ẹ wá lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí gọ́tà ọjà kan ti wọnú odò, kí ẹ ṣe ohun kan náà. Abọ́ yín máa kún. Ibí yìí ló ti ń rú àwọn èèyàn lójú: wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ sọ pé odò ti kú, kí wá ni gbogbo èyí?" Bí ẹ bá wò ó fínnífínní, irú méjì tàbí mẹ́ta péré ni gbogbo èrò yẹn. Ìdin pupa ló pọ̀ jù, ọmọ kòkòrò kékeré kan tó jọ ẹ̀fọn àmọ́ tí kì í jẹni. Ó pupa nítorí pé ó ní èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń di ọ́síjìn mú, irú èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, èyí ló fi ń rí ìwọ̀nba tó kù nínú ẹrẹ̀ kó jọ. Àwọn ekòló tín-ín-rín ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti orí bọ ẹrẹ̀, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń mì ín. Ìdin kan tún wà tó ní ìrù gígùn bí ti eku, ìrù náà ni páìpù tó fi ń fa atẹ́gùn láti òkè omi. Ọ̀tá wọn ti kú tán, oúnjẹ sì pọ̀ rẹpẹtẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bí sí i. Ohun tí à ń kà ni iye ìdílé tó ṣì wà níbẹ̀. Bí èrò ṣe pọ̀ tó kò sọ nǹkan kan fún wa.

Nínú àwọn ẹ̀rí tí àwọn ará àdúgbò máa ń mú wá fún mi, mẹ́ta wà tí kò dúró. Ìkíní ni tanwíji. Wọ́n á ní odò náà ṣì dáa, tanwíji kún inú rẹ̀. Tanwíji kì í fi omi mí. Ó ń gbé ìdí sókè sí ojú omi láti fa atẹ́gùn. Omi ìdọ̀tí gan-an ni irú ẹ̀fọn Culex fẹ́ràn jù. Èyí tó ń gbé ibà kiri, Anopheles, ni omi tó mọ́ máa ń wù ní tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń fi ẹ̀fọn díwọ̀n odò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yí po. Ìkejì ni ìṣáwùrú. Oríṣi kan wà tó ní ẹ̀dọ̀fóró, Physa ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó máa ń kún àwọn gọ́tà ńlá nínú ìlú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìkẹta ló máa ń fa àríyànjiyàn: àrọ̀. Bàbá kan á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo pa àrọ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má pa odò wa fún wa." Bàbá, mo gbà pé ẹ pa á. Àmọ́ àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè etí rẹ̀ tó fi ń mí atẹ́gùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó lè wà láàyè nínú báfù fún wákàtí púpọ̀ lọ́jà. Bí ẹ bá pa ẹja wẹ́wẹ́ tí kò lè mí lókè, ẹ wá pè mí ká jọ dáná. Àrọ̀ nìkan kò lè jẹ́rìí.

Báwo la ṣe ń sọ gbogbo èyí di nọ́ńbà? Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 1980, wọ́n ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní BMWP. Wọ́n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10. Ekòló inú ẹrẹ̀ gba 1, ìdin pupa gba 2, ọ̀pọ̀ ìdílé mayfly gba 10. Ẹ ó ro máàkì gbogbo ìdílé tí ẹ rí pọ̀, ẹ ó sì fi iye ìdílé pín in. Pípín yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ wá nǹkan á rí ìdílé púpọ̀ ju ẹni tó wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àmọ́ bí wọ́n bá ti pín in, ọ̀lẹ àti aláápọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn ará South Africa ní tiwọn, SASS, tí máàkì rẹ̀ lọ láti 1 dé 15. Wọ́n wá gé e kúrú fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sọ ọ́ ní miniSASS: ẹgbẹ́ ohun ẹlẹ́mìí 13 péré, pẹ̀lú àwòrán. Ọmọ tó wà ní JSS 2 lè ṣe é.

Ẹ má kàn gbé àwọn ìlànà wọ̀nyí wálé bí wọ́n ṣe wà. Ẹlẹ́gẹ́ jù lọ nínú àwọn kòkòrò odò ilẹ̀ tútù ni stonefly, máàkì ńlá ni wọ́n sì ń fún un. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Bí a bá ń fi òṣùwọ̀n Yúróòpù wọn odò wa, à ń dá odò lẹ́bi pé àlejò kan tí kì í bẹ̀ ẹ́ wò kò sí nílé. Ohun tó yẹ ni ká wá odò kan nítòsí tí ilẹ̀ rẹ̀ àti òjò rẹ̀ jọ ti Ògùnpa, tí ilé kò tíì yí i ká, ká kọ́kọ́ ka àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kó jẹ́ pé òun la ó fi wé. Ìbàdàn lóríire ní ti èyí. Nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, igbó tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà ni wọn kò gé. Àwọn ìṣàn kéékèèké tó wà lábẹ́ irú igbó bẹ́ẹ̀ lè fi bí Ògùnpa ṣe rí hàn wá, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ fi akèrègbè bu omi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá pe onígò wọlé. Bí àwọn onílé bá ti sọ pé nǹkan ń ṣe àwọn, òun ló máa sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ọ́síjìn ló máa kọ́kọ́ wọ̀n. Ní 1888, ará Hungary kan, Lajos Winkler, ṣe ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú omi, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ alágbèéká ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nípa rẹ̀ ni èyí. Omi tó tutù gba ọ́síjìn ju omi tó gbóná lọ. Ní ìwọ̀n ooru 10, omi mímọ́ lè gbà tó mílígíráámù 11 nínú lítà kan. Ní ìwọ̀n ooru 25, tó sún mọ́ ti odò tiwa, kò lè gbà ju 8 àti díẹ̀ lọ. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó da ohunkóhun sí i, odò Ìbàdàn ti kéré sí odò Lọ́ńdọ̀nù ní ọ́síjìn. Ìdọ̀tí tí odò wọn lè gbé mì láìṣe nǹkan kan lè pa odò wa. Ẹ wá yọ igi etídò, kí ẹ fi kọ̀ǹkéré tí oòrùn ń yan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ooru omi náà á tún lé sí i.

Àkókò náà lè tan èèyàn jẹ. Níbi tí ọṣẹ ìfọṣọ àti omi ìgbẹ́ bá ti ń wọ odò, èèhọ̀n aláwọ̀ ewé á bo òkúta. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú kí èèhọ̀n yìí máa ṣe ọ́síjìn, ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà tó dùn-ún gbọ́. Lóru, èèhọ̀n kan náà á máa gba ọ́síjìn padà, nígbà tó bá fi di ìdájí, ẹja á ti máa yọ ẹnu sókè. Òṣìṣẹ́ tó dé ní aago méjìlá ọ̀sán á kọ̀wé pé odò dára. Òtítọ́ ló kọ, àmọ́ òtítọ́ ọ̀sán gangan ni. Ìdájí ni kí ẹ lọ.

Ohun kejì tí onígò ń wọ̀n ni BOD, ìyẹn iye ọ́síjìn tí bakitéríà máa lò láti jẹ ìdọ̀tí inú omi náà. Wọ́n á gbé omi sí òkùnkùn, ní ìwọ̀n ooru 20, fún ọjọ́ márùn-ún. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dìde ní 1898 lórí ọ̀rọ̀ omi ìgbẹ́ ló fi ìdí ọjọ́ márùn-ún yìí múlẹ̀ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1912, láàbù wa sì ṣì ń tẹ̀lé ọjọ́ márùn-ún wọn àti ooru tó sún mọ́ ti ilẹ̀ wọn. Mi ò bínú sí i, ó kàn yẹ ká rántí pé Ògùnpa gbóná ju 20 lọ, nítorí náà jíjẹrà tí wọ́n ń wọ̀n lọ́jọ́ márùn-ún, odò wa máa ń yára ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò tó mọ́ kì í sábà kọjá 2 tàbí 3 mílígíráámù nínú lítà kan. Ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọn kò là lómi rárá ń kọjá 100,000. Ẹ jẹ́ kí n tún un pè: ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù nínú ìlú yìí, tí ẹ mọ ibi tí gọ́tà ibẹ̀ ń lọ, ẹ ro ó wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbánjọ ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Gilbert Adie ti yẹ omi tó ń jáde láti odò ẹran Bódìjà àti ìṣàn tó gbà á wò. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2007. Kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò mọ̀.

Àwọn nǹkan yòókù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá. Kò wọ́n púpọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kòkòrò E. coli ń sọ bóyá ìgbẹ́ èèyàn tàbí ẹran wà nínú omi, àmọ́ ìyẹn kan ẹni tó fẹ́ mu ún tàbí wẹ̀ níbẹ̀. Odò inú igbó tí mayfly kún lè ní in nítorí ẹranko. Ká má da ìbéèrè méjì pọ̀.

Ohun tí a lè fi ojú lásán àti imú rí kò yẹ ní yíyẹ sílẹ̀. Nǹkan kan wà tó jọ òwú eérú, tó ń mì lára òkúta àti àkísà nínú omi: àwọn bakitéríà tí omi ìgbẹ́ ń bọ́ ni, ibi tí ẹ bá ti rí i, ṣáláńgá tàbí sókàwéè ẹnì kan kò jìnnà. Bí ẹ bá rí òróró tó ń dán ní àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi, ẹ má tíì lọ bá mẹkáníìkì jà. Ẹ fi igi tọ́ ọ. Bí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èépá tí kò sì padà dì mọ́ra, bakitéríà ilẹ̀ onírin ló ṣe é, kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ó bá padà dì mọ́ra kíá, ẹ lè wá lọ bá mẹkáníìkì.

Òjò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ ní gáréèjì, gbogbo eérú, gbogbo ohun tí ajá àti èèyàn ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ń kóra jọ. Àkọ́rọ̀ òjò á gbá gbogbo rẹ̀ sínú odò ní wákàtí kan, nígbà tí omi odò ṣì kéré tí kò lè là á. Odò tó gbìyànjú la gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn já lè kú lọ́jọ́ tí gbogbo wa ń dúpẹ́ òjò. Bí a ṣe ń fi páánù bo ilẹ̀ tí a sì ń da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá, kò síbi tí omi òjò máa rì sí, á sáré wọ odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń fa omíyalé náà ló ń fọ kòkòrò kúrò nílẹ̀. Nítorí náà n kò gbà pé ọ̀rọ̀ omíyalé wà lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ ìlera odò wà lọ́tọ̀. Kọ̀ǹkéré tí wọ́n dà ń ran omi lọ́wọ́ láti tètè kọjá lọ, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, mi ò ní kí wọ́n lọ fọ́ ọ lọ́la. Àmọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò lókùúta, tí kò ní kòtò tàbí gbòǹgbò, kò sí ẹni tó lè gbé e bó ti wù kí omi rẹ̀ mọ́ tó. Bí ẹ bá rí onímọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́ da kọ̀ǹkéré sí apá tó kù, ẹ bi í bóyá ó lè fi òkúta tí wọ́n dì sínú wáyà ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé èèyàn kò tíì yó, mayfly ni bàbá yìí ń kà. Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ bá mi wo àwọn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí òjò níbì kankan. Omi wo ni wọ́n fi ń bomi rin ín? Ẹ bá mi wo kànga tó wà ní ẹ̀yìn ilé yín tí kò jinlẹ̀, tó sún mọ́ odò. Omi abẹ́ ilẹ̀ àti omi odò ń bá ara wọn ṣe pọ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí mo ń kà ló kọ́kọ́ ń jìyà ohun tó ń bọ̀ wá bá wa.

Odò tó kú lè jí. Ní 1957, àwọn onímọ̀ láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé apá gígùn kan nínú odò Thames kò ní ẹja mọ́. Wọ́n tún àwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ omi ìgbẹ́ di mímọ́ ṣe, ẹja sì padà wá. Ní Seoul, láàárín 2003 àti 2005, wọ́n wó títì olókè tó bo ìṣàn Cheonggyecheon mọ́lẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ohun tó lé ní kìlómítà márùn-ún. Gbogbo ayé ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń fa púpọ̀ nínú omi rẹ̀ wá láti odò Han. Ó lẹ́wà, ẹja wà níbẹ̀, ó sì ti mú kí ooru àdúgbò rẹ̀ dínkù. Bó bá jẹ́ èmi, máa gbà á bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kò ní pè é ní odò tí ara rẹ̀ ti yá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi àwòrán òdòdó àti bẹ́ńṣì han Ìbàdàn, ẹ béèrè ibi tí omi ti ń bọ̀.

Òfin wà. Wọ́n dá NESREA, àjọ tó ń mójú tó òfin àyíká, sílẹ̀ ní 2007, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí omi orí ilẹ̀ àti abẹ́ ilẹ̀ sì jáde ní 2011. Àmọ́ òfin nílò ẹ̀rí tó ní ọjọ́ àti ibi lára, ibẹ̀ ni ẹ̀yin ti wọlé.

Ohun tí mo ń dábàá ni pé kí ẹ mú ibi mẹ́fà: ọ̀kan ní òkè Àṣí bó ṣe lè sún mọ́ orísun tó, ọ̀kan kí odò tó wọ adágún Agodi, ọ̀kan lẹ́yìn adágún náà, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ Dùgbẹ̀, ọ̀kan kí ó tó pàdé Kúdẹtì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kan gba ibi kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ka àwọn ohun ẹlẹ́mìí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, kí wọ́n má sì pa ọdún kan jẹ nítorí pé máàkì kò dùn. Mo lè sọ fún yín nísinsìnyí pé ti Dùgbẹ̀ á kéré gan-an, kò sí ìròyìn nínú ìyẹn. Ibi tí máàkì ti já wálẹ̀ lójijì láàárín ibi méjì ni kí ẹ máa wá. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa ti ìsàlẹ̀ rìn gòkè, kí ẹ máa kì í bọ omi ní gbogbo ogún ẹsẹ̀ bàtà. Omi ìdọ̀tí ló sábà máa ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ ga, nítorí náà níbi tó bá ti lọ sílẹ̀ wìì, ẹ ti ré páìpù tàbí gọ́tà náà kọjá nìyẹn. Ẹ yà á ní fọ́tò pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá onílé náà kí ẹ tó lọ bá ìjọba, nítorí pé mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé onílé kò mọ ibi tí páìpù rẹ̀ ń lọ.

Oṣù Kìíní ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi bá ti fà tí ẹsẹ̀ sì lè tó ìsàlẹ̀. Kí ẹ tún ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwọn ìdílé sọ́tọ̀, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìbéèrè. Mo gbé abọ́ àti àwọ̀n méjì wá, wọ́n wà nínú mọ́tò.